Ẹ Kọjú Ọmọ Sókè

Ọmọ mi kò tíì pé oṣù méjì nígbà tí mo gbé e lọ sí Òmù-Àrán kí ìyá tó bí ìyá mi lè fojú kàn án. Oṣù Kejìlá ni. Ọyẹ́ ti mú gan-an ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà: ètè ń sán, ewé ń gbẹ lórí igi, eruku pupa sì bo òrùlé páànù láti Ajásẹ́-Ìpo títí dé Òmù-Àrán. Ìyá Àgbà ti ń retí wa. Ó ti gbé omi kaná, ó ti yọ́ òrí sínú àwo, ó sì ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kí n tó kúnlẹ̀ tán ni ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ó wẹ̀ ẹ́, ó fi òrí pa á lára, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó sì ń fi oríkì pè é títí ọmọ fi rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, ọkàn mi sì balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bímọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú ni ọ̀rọ̀ dé.

Mo fún ọmọ lọ́mú, mo sì tẹ́ ẹ sórí ẹní. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, mo kọjú rẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wa nígbà tí mo wà nínú oyún. Mo yíjú láti ká aṣọ. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, Ìyá Àgbà ti dojú ọmọ bolẹ̀, ikùn rẹ̀ wà lórí ẹní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí. Mo yí i padà. Mo jáde lọ bọ́ ojú mi, mo wọlé, ọmọ tún ti dojú bolẹ̀. A kò bá ara wa jà. Ọ̀wọ̀ kò jẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀, ìfẹ́ kò sì jẹ́ kí òun fọwọ́ lẹ́rán.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí nígbà tó yá, "ọmọ tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn ọmú, bó bá bì, èébì náà yóò padà sí i lọ́fun. Ìwọ náà sì wo bí ó ṣe ń ta gìrì. Oorun kò lè wọ̀ ọ́ lára báyìí. Jẹ́ kó dojú bolẹ̀, wàá rí i pé yóò sùn."

Òótọ́ ni. Ọmọ sùn fọnfọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi orí lélẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ọmú mi kún, ó ń ro mí. Ìyẹn ni ó jí mi. Ó yẹ kí ọmọ ti jí kí èmi tó jí. Mo na ọwọ́, mo fi kan orí rẹ̀. Ó gbóná, òógùn sì ti bò ó lábẹ́ aṣọ òtútù méjì tí a wọ̀ fún un nítorí ọyẹ́. Imú àti ẹnu rẹ̀ ti rì sínú ìrọ̀rí olówùú náà. N kò gbọ́ èémí. Mo gbé e lójijì, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀ sí mi léjìká. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó sì ké tòò. N kò tíì gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oorun lásán ni, kó jẹ́ pé kò sí ewu kankan. N kò lè mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, Ìyá Àgbà náà kò sì sùn. Ó jókòó sí etí ẹní, ó fọwọ́ lẹ́rán, kò sọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀, mo bi í léèrè pé, "Ìyá, ta ni ó kọ́ yín pé kí ọmọ máa dojú bolẹ̀ sùn?" Ìmọ̀ Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìdáhùn kan ṣoṣo: pé bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Mo sì ti ń ṣa ọ̀rọ̀ tí n ó fi bá àṣà jiyàn láì tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kò sí nínú ìpalẹ̀mọ́ mi rárá.

"Nọ́ọ̀sì ni," ó dáhùn. "Ìyá rẹ ni àkọ́kọ́ tí mo bí sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan ni ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ níṣojú mi. Ó ní bí àwọn dókítà òyìnbó ṣe wí nìyẹn, pé ọmọ tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lè kú sínú èébì. Inú bí ìyá mi nígbà tí mo délé. Ó ní ojú ọmọ ni òun máa ń fẹ́ rí bí òun bá lajú lóru, kì í ṣe ìpàkọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ayé ti là."

Mo dákẹ́. Gbogbo òru ni mo ti ń bínú sí àṣà, àṣà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìyá Àgbà kò purọ́, nọ́ọ̀sì náà kò sì purọ́. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, Dókítà Benjamin Spock, oníṣègùn ọmọdé ará Amẹ́ríkà tí ìwé rẹ̀ lórí ọmọ títọ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn ìyá láti ọdún 1946, bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ọmọ máa fi ikùn lélẹ̀ sùn. Ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ìyá Àgbà: kí èébì má baà dí ọmọ léèémí, kí orí rẹ̀ má sì di pẹlẹbẹ. Òun nìkan kọ́ ni ó ń sọ ọ́. Ìmọ̀ràn náà wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àti ilé ìwòsàn, ó sì wà níbẹ̀ títí di nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1980. Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ikú òjijì àwọn ọmọ ọwọ́ lójú oorun sì pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n pa ohùn dà ní ọdún 1987, tí wọ́n ní kí àwọn ìyá má dojú ọmọ bolẹ̀ mọ́, ikú náà lọ sílẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tó la ojú àwọn oníṣègùn. Ọmọ tí kò ṣàìsàn, tó mu ọmú tán, tó sùn, tí kò sì jí mọ́: ìṣòro ńlá kan tó ń fà á ni bí a ṣe tẹ́ ẹ.

Mo ṣàlàyé fún Ìyá Àgbà bí ó ti yé mi. Ọ̀nà méjì ni ó wà lọ́fun: ọ̀nà èémí wà níwájú, ọ̀nà oúnjẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ni ó wà lókè, ọ̀nà oúnjẹ wà nísàlẹ̀. Bó bá bì, ohun tó bì ní láti gùn òkè kó tó lè wọ ọ̀nà èémí, bẹ́ẹ̀ omi kì í dédé ṣàn gòkè. Ọmọ yóò gbé e mì padà, tàbí kó tu ú síta. Ṣùgbọ́n bó bá dojú bolẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ ni yóò wà lókè, ọ̀nà èémí yóò sì wà nísàlẹ̀ bí ìkòkò tí a gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò.

Ìyá Àgbà wo ọ̀fun ara rẹ̀ nínú dígí. Ó fọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Á jẹ́ pé ohun tí mo ń sá fún gan-an ni mo ń sáré lọ bá," ni ó wí.

Ó tún bi mí léèrè nípa gìrì tí ọmọ máa ń ta. Ìyẹn ni ó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí èmi náà kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ni ọmọ tó dojú bolẹ̀ máa ń sùn wọra ju ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ààbò ni oorun fífúyẹ́ jẹ́ fún ọmọ jòjòló. Bí èémí bá ń dín, ara rẹ̀ ní láti jí i kó lè yí ọrùn, kó ké, kó wá afẹ́fẹ́. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ ṣòro láti jí bẹ́ẹ̀. Bí imú rẹ̀ bá sì wọ inú ohun rírọ̀, èémí tó ti mí síta ni yóò tún máa mí sínú, ooru ara rẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Oorun wọra tó ń dùn mọ́ wa nínú ni ewu náà ń fara pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àgbà ní kí a lọ kí àbúrò òun ní Èsìẹ́, kí òun náà lè rí ọmọ. A gba iwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ère òkúta Èsìẹ́ sí. Mo rò ó lọ́kàn bí a ti ń lọ pé ohun àtijọ́ kan wà tí a ń gbé síbẹ̀ kí a lè máa wò ó, òmíràn sì wà tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kúrò lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ ńlá ni láti mọ èwo ni èwo.

Ìyá wa ti Èsìẹ́ gbé ọmọ mi lé itan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ròyìn òru ọjọ́sí fún un, kò fi ibì kankan pamọ́. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ojú ìyá náà yí padà. Ó ní òun náà ti gbé ọmọ kan lóru rí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ké.

Àkọ́bí rẹ̀ ni, ọmọ oṣù mẹ́ta, ní àwọn ọdún 1960. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n sùn. Ìyá àti ọmọ wà lórí ibùsùn kan náà, lábẹ́ aṣọ kan náà, nítorí òtútù. Ìdájí ni ó rí i pé ọmọ ti tutù. Àwọn kan nínú ilé ọkọ ní ó sùn lé ọmọ mọ́lẹ̀ ni. Àwọn mìíràn ní àbíkú ni, pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Nígbà tí ó tún bímọ, Dúrójayé ni wọ́n sọ ọ́.

Mo mọ Dúrójayé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ púpọ̀. Mo sì mọ orúkọ náà. Orí orúkọ àbíkú ni mo kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé ní yunifásítì: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrósinmí, Igbẹ́kọ̀yí, Dúrójayé. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: èyí tó jẹ́ ẹ̀bẹ̀, èyí tó jẹ́ èébú, èyí tó jẹ́ ìkìlọ̀. Mo ṣàlàyé ìhun wọn dáadáa, mo sì gba máàkì tó dára. Kò sí ibi kankan nínú iṣẹ́ náà tí mo ti béèrè ohun tó pa ọmọ tó ṣáájú. A ti mọ̀ lónìí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pa púpọ̀ nínú wọn, ibà pa òmíràn, ìgbẹ́ gbuuru pa òmíràn. Mo ń rò ó báyìí pé àwọn kan nínú wọn kàn sùn ni, wọn kò sì jí.

"Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún," ni Ìyá Èsìẹ́ wí, "tí mo ti ń bi ara mi bóyá èmi ni mo pa á."

N kò lè sọ fún un pé òun kọ́. N kò sì lè sọ pé òun ni, nítorí kò sí ẹni tó yẹ ọmọ náà wò. Mo sọ ìtàn ìyá mìíràn fún un dípò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1991, ikú òjijì báyìí pa ọmọkùnrin Anne Diamond, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n kan tí gbogbo ìlú mọ̀. Obìnrin náà kò jókòó. Ó wádìí dé ilẹ̀ New Zealand, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n má dojú ọmọ bolẹ̀, ó sì gbógun ti àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo káàkiri Britain ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ máa fi lélẹ̀ sùn. Ikú náà já wálẹ̀ kíákíá. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1994. Níbẹ̀, nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ikú òjijì yìí pa nǹkan bí 130 ní ọdún 1990. Ní ọdún 2020, ó ti di nǹkan bí 38.

Ìyá Èsìẹ́ gbọ́ ọ tán. "Òun náà béèrè," ni ó wí, "wọ́n sì dá a lóhùn. Èmi kò rí ẹni bi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ìwádìí ìlera tí a ṣe jákèjádò Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, nǹkan bí 67 ni kì í pé ọdún kan. A mọ ibà, a mọ àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Ikú ojú oorun máa ń sọnù sáàárín wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tó kú nílé ni a ń sin láìsí àyẹ̀wò, tí a sì ń fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tàbí ẹ̀bi. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ṣe nínú yàrá Ìyá Àgbà kí n tó padà sílé, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn.

Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ sùn, lọ́sàn-án àti lóru, a máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀. A kì í tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ọmọ tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kò pẹ́ dojú bolẹ̀. A kó ìrọ̀rí kúrò, a kó aṣọ wúwo àti ọmọláńgidi kúrò. Ẹní tó tẹ́jú, tó le díẹ̀, tí a tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ kan lé, dára fún un ju fóòmù tó ń rì lọ. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni a ta bò ó. Ẹní tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, nínú yàrá kan náà, débi tí ọwọ́ mi lè tó o. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ọmọdé nìyẹn fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kéré tán: kí ọmọ wà nítòsí ìyá, ṣùgbọ́n kó ní ibùsùn tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ni kò ní àyè, tí ìyá àti ọmọ sì ń sùn pọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó mu ọtí, tó ń fa sìgá, tàbí tó lo oògùn tó ń kun ènìyàn lóorun má sùn ti ọmọ. Kí a má bá ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tàbí tí kò wọn tó kílò méjì ààbọ̀ nígbà tí a bí i, sùn pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọmọ sùn lórí àga onítìmùtìmù.

Ní ti ọyẹ́, ẹ̀wù ọmọ kò gbọdọ̀ ju ti àgbà lọ ju ẹyọ kan lọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ máa ń tutù; àyà rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ kàn láti mọ̀ bóyá òtútù ń mú un tàbí ooru. A bọ́ fìlà rẹ̀ lójú oorun. A sì gbé ìkòkò iná èédú tí Ìyá Àgbà máa ń kó sí yàrá olómọ jáde pátápátá, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti ara èédú nínú yàrá tí a tì kò ní òórùn, ó sì ń pa ọmọ àti ìyá pọ̀.

Ẹ má rò pé Ìyá Àgbà di òǹwòran. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òun ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń pọn ọmọ tí ọ̀já kò fi ní ká a mọ́lẹ̀: kí ojú rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí àgbọ̀n rẹ̀ má wọ àyà, kí aṣọ má sì bo imú. Òun náà ni ó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí ọmọ gbé ọrùn. Lọ́sàn-án, bí ọmọ bá lajú sílẹ̀, yóò fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ẹní, yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò máa patẹ́wọ́, ọmọ yóò sì gbé orí sókè láti wò ó. Àwọn oníṣègùn fọwọ́ sí i: ikùn fún eré lójú wa, ẹ̀yìn fún oorun. Eré náà àti ọmọ pípọ̀n kì í jẹ́ kí ìpàkọ́ di pẹlẹbẹ. Nígbà tí ọmọ bá sì dàgbà tó láti máa yí ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ̀yìn ni a ó ṣì máa fi lélẹ̀ nígbà tí a bá tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a máa jí lóru láti dá a padà.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, aládùúgbò kan wọlé wá dágbére, ó bá ọmọ níbi tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó ń sùn, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbalaja. "Ẹ̀yin Ìyá," ni ó wí, "ṣé bí ẹ ṣe ní kí àwa máa tẹ́ tiwa nìyí?"

"Nọ́ọ̀sì kan kọ́ mi nígbà kan, mo sì gbà," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Ọmọ ọmọ mi ti kọ́ mi ní tuntun, mo tún gbà. Ìyá mi ni mo jẹ ní gbèsè. Ojú ọmọ ni ó ní òun fẹ́ máa rí."

Ọmọ mi ti pé oṣù márùn-ún báyìí. Lálaalẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fóònù mi máa ń dún láti Èsìẹ́. Ìyá wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń béèrè.

"Ṣé ó kọjú sókè?"

"Ó kọjú sókè, Ìyá."

Yóò dúró díẹ̀, yóò sì ní kí ilẹ̀ mọ́ wa ire.